Ohùn Ìyá Àgbà àti Ìjà Inú Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1998, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa ní. Láti ilẹ̀ Faransé ni ó ti wá, àlòkù ni, ó sì ti gbó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́. Orí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni a gbé e sí, a sì máa ń fi aṣọ bò ó nítorí eruku. Òun ni a fi ń tẹ ìwé ìròyìn yìí nígbà náà. Ètò lẹ́tà Faransé ni ó wà lórí pátákó bọ́tìnnì rẹ̀, nítorí náà é àti è kò nira, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀ rárá. Bírò ni a fi ń tọ́ àmì sí abẹ́ lẹ́tà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti tẹ ojú ìwé jáde. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ṣì ní àwọn ẹ̀dà àtijọ́ lọ́wọ́, ẹ wò wọ́n dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọn àmì náà kò dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn wa kì í ṣe ti àmì. Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì kan ni.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, àwa mẹ́ta tí ẹgbẹ́ fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn lé lọ́wọ́ lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Kétu, a sì gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀. Oríkì ìdílé rẹ̀ ni ó ké fún wa, ní ojú méjèèjì kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan. Ìyá náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò kọsẹ̀ níbì kankan. Ó dárúkọ àwọn tí ó ti kú kí bàbá rẹ̀ tó dáyé bí ẹni pé wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ń retí oúnjẹ. Nígbà tí a dìde láti máa lọ, ó di ọwọ́ ọ̀kan nínú wa mú, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí ó sọnù o.” A dá a lóhùn pé kò ní sọnù. Ìyá kú kí ọdún méjì tó pé. A kò tíì ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì náà, a kò sì ní àwíjàre kankan lórí ìyẹn.

Ẹni tí ó bá mọ Àjàṣẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ṣe ń ba nǹkan jẹ́. Ìwé ń hu olú, irin ń dípẹtà, kásẹ́ẹ̀tì náà kì í sì í pẹ́. Nígbà tí a wá gbọ́ pé a lè gbé ohùn wọ inú kọ̀ǹpútà, kí ó sì wà níbẹ̀ láìgbó, a kó owó jọ, a ra káàdì ohùn. Ní oṣù kan náà, a ra mọ́dẹ́ẹ̀mù. Íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ orílẹ̀-èdè wa láti ọdún 1995, ọdún tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé ṣe ìpàdé ní Kútọnu. Àwọn ará wa ní Atakpamé ní ilẹ̀ Togo, àwọn Ifẹ̀ ibẹ̀, sì fẹ́ máa fi àpilẹ̀kọ wọn ránṣẹ́ sí wa nípasẹ̀ fáàsì, kí àwọn awakọ̀ takisí má bàa máa sọ àpò ìwé nù sí ojú ọ̀nà. Méjèèjì jẹ́ káàdì àtijọ́ nítorí owó wa kò tó ra tuntun. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé a ti mú oníjà méjì wọ inú yàrá kan.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé àwọn ọmọ òde òní kò mọ ìyà yìí mọ́. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í wo gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó máa ń gbájú mọ́. Ẹ̀yà tí ó bá ní ohun láti sọ ni yóò pè é. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kan, bọ́tìnnì náà yóò pe ọpọlọ. Ọpọlọ yóò dá iṣẹ́ dúró díẹ̀, yóò dáhùn, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìlà tí ìpè kọ̀ọ̀kan ń gbà wá ní nọ́ńbà tirẹ̀, IRQ sì ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ IBM gbé jáde ní ọdún 1981 ní ìlà 8 péré, láti 0 dé 7. Ní ọdún 1984, wọ́n fi 8 mìíràn kún un, ṣùgbọ́n wọ́n lo ọ̀kan láti so àwọn tuntun mọ́ àwọn àtijọ́, ó wá ku 15. Ẹ má ṣe rò pé 15 pọ̀. Aago inú ẹ̀rọ gba 0, pátákó bọ́tìnnì gba 1, dísìkì pẹlẹbẹ gba 6, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gba 7, dísìkì ńlá gba 14. Ihò méjì tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, COM1 àti COM2, gba 4 àti 3. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ lo COM3, 4 kan náà ni wọ́n yàn fún un. Bí ó bá sì jẹ́ COM4, 3 náà ni, bí ẹni pé kò sẹ́ni tí yóò nílò gbogbo wọn pọ̀ lọ́jọ́ kan. Lórí irú káàdì àtijọ́ tí a ní, ẹ̀yà méjì kò lè jọ lo ìlà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ti di ìlà mú, ìpè ti èkejì kò dé ibi kankan.

COM1 ni eku wa wà, ìyẹn ohun kékeré tí à ń ti káàkiri lórí tábìlì, tí àwọn Faransé ń pè ní souris. COM3 ni wọ́n ṣètò mọ́dẹ́ẹ̀mù sí láti ibi tí wọ́n ti tà á fún wa. Ní ọjọ́ kìíní, bí mọ́dẹ́ẹ̀mù ṣe ń tẹ nọ́ńbà Atakpamé báyìí, eku dúró gbagidi. A tì í, a gbọ̀n ọ́n, a yọ bọ́ọ̀lù inú rẹ̀, a fi ọtí nù ún. Ara eku yá. Ojú ẹ̀rọ kàn fi àmì ìyanu aláwọ̀ ìyeyè kan hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mọ́dẹ́ẹ̀mù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà conflit. Ta ni ó ń bá ta ni jà? Kò wí. Ètò tí ó yẹ kí ó máa pín ìlà fúnra rẹ̀ ti dé láti ọdún 1995 pẹ̀lú Windows 95. “Ẹ so ó mọ́ ọn, yóò ṣiṣẹ́” ni ìlérí rẹ̀. Àwọn Òyìnbó gan-an yí i padà sí “Ẹ so ó mọ́ ọn, kí ẹ máa gbàdúrà.” Káàdì àtijọ́ kì í gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń yan nọ́ńbà fún un, pẹ̀lú ike dúdú kan tí kò tóbi ju ìrẹsì lọ, tí a ń fi bọ irin méjì lórí. Àwọn Faransé ń pe ike náà ní cavalier, ẹlẹ́ṣin, nítorí bí ó ṣe gun irin méjèèjì. A wá ẹlẹ́ṣin kan tí ó bọ́ sílẹ̀ fún odidi ọ̀sán ọjọ́ kan.

A gbé mọ́dẹ́ẹ̀mù kúrò lórí 4, a gbé e lọ sórí 5. Ìlà 10 àti 11 ṣófo, ṣùgbọ́n káàdì náà kúrú, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Eku tún ń rìn. Inú wa dùn. A ṣètò rẹ̀ kí mọ́dẹ́ẹ̀mù máa ṣọ́ fáàsì láti ìgbà tí a bá ti tan ẹ̀rọ, a sì kọjú sí kásẹ́ẹ̀tì ìyá.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún tí à ń wí. Ní 1998, omi adágún Akosombo ní ilẹ̀ Gánà fà, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú iná mànàmáná Benin àti Togo ti ń wá. Bí iná bá dé, eré ni à ń sá. Ìyẹn ni ó fà á tí kò fi sẹ́ni nínú àwa mẹ́ta tí ó ní sùúrù láti sọ pé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì orin kan dán an wò. A fi wáyà so rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀rọ, a tẹ bọ́tìnnì, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ké oríkì. A gbà á sílẹ̀, a ní kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ jáde fún wa.

“Ọmọ… ọmọ… ọmọ… ọmọ…”

Ohùn rẹ̀ ni, kò yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni, láìdánudúró, bí ẹni tí ó ń pe ọmọ tí kò jẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú wa dìde, ó bọ́ síta. Nísinsìnyí a mọ ìdí rẹ̀: orí 5 ni káàdì ohùn wà, mọ́dẹ́ẹ̀mù tí ń ṣọ́ fáàsì sì ti di ìlà náà mú. Káàdì ohùn parí ègé ohùn kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún un, ó ń pe ọpọlọ pé kí ó gbé òmíràn wá, ìpè kò dé. Ègé kan náà ni ó ń tún sọ. Ní ọjọ́ náà, a rò pé kásẹ́ẹ̀tì ni ó ní àbùkù, tàbí wáyà. A dá a padà síbẹ̀rẹ̀, a tún un gbà. A yí wáyà padà, a tún un gbà. A ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, a ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí iná dé. A tilẹ̀ bá ara wa jà, ìjà tí kò wúlò, lórí ẹni tí ó ra káàdì. Ní ìgbà tí a ti ṣi kíkà, rédíò dún gìrìgìrì, ó sì gbé téèpù mì. Nígbà tí a fi pẹ́ńsù fà á jáde, ibì kan ti rún, ibì kan ti já.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà ni a gbé téèpù náà lọ bá. Ó gé ibi tí ó bàjẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ́ ẹ pọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ wo ẹ̀rọ tí ó fa gbogbo rẹ̀. Kò bèèrè ohun tí ń jà. Ó yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà síta, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, kí ni ẹ ń fi ihò kejì yìí ṣe?” A ní a kò fi ṣe nǹkan kan. Ó wọ inú ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ, ó pa COM2 tí ó ti jókòó lórí 3 láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti dé láìṣe iṣẹ́ kankan, ó sì fi mọ́dẹ́ẹ̀mù síbẹ̀. Kò gbà wá ju ìdajì wákàtí lọ. Ó kọ nọ́ńbà sórí ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ: eku 4, mọ́dẹ́ẹ̀mù 3, ohùn 5, ìtẹ̀wé 7. Inú wa dùn sí i, ojú sì tì wá.

Àwọn kọ̀ǹpútà tí ó dé lẹ́yìn ìgbà náà lè jọ lo ìlà kan láìjà, kò sì sẹ́ni tí ń béèrè nọ́ńbà IRQ lọ́wọ́ wa mọ́. Ti wa yẹn ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n a yọ ìwé náà kí a tó gbé e sọnù.

Oríkì ìyá wọ inú ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ní ojú kejì, níbi tí ó ti ń ka àwọn tí ó kọ́kọ́ dé ilé náà, ohùn rẹ̀ fò láti orúkọ kan sí òmíràn tí kò bá a mu, nítorí gígé tí wọ́n gé téèpù. A pe ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti Kétu. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ títí dé ibẹ̀, ó ní kí a dá a dúró. Ó mọ ìlà méjì àkọ́kọ́ nínú ohun tí ó sọnù, ó sì ké e fún wa. A gbà á sílẹ̀, a fi sí ẹ̀gbẹ́ ti ìyá rẹ̀. Nígbà tí a bèèrè èyí tí ó kù, ó mi orí, ó ní ìyá kò tíì kọ́ òun dé ibẹ̀.