Àjẹsára Tó Gbọ́dọ̀ Wà Láàyè

Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí sísin adìyẹ àgric gba Ìbàdàn kan, lúkúlúkú là ń pe gbogbo àrùn tó bá wọ ọgbà adìyẹ. Adìyẹ tó kú lójijì, lúkúlúkú ni. Èyí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, òun náà ni. Àṣé ohun tó ń pa àwọn tiwa tó ti ń yé ẹyin kì í ṣe lúkúlúkú rárá. Ogbe orí wọn á kọ́kọ́ funfun, ìgbẹ́ tó dà bí ewé á lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ìdí wọn. Dókítà ẹranko la òkú ọ̀kan níwájú wa, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wú, ó ń dán bí idẹ. Ó ní táífọ́ọ̀dù adìyẹ ni, pé bakitéríà kan tó ń jẹ́ Salmonella ló ń fà á, àti pé inú ẹyin gan-an ló lè gbà dé ara òròmọdìyẹ.

Vom, lẹ́bàá Jọ́s, ni wọ́n ti ń ṣe àjẹsára rẹ̀, níbi tí ìjọba ti ń wádìí àrùn ẹran láti 1924. Nígbà tá a gbọ́ pé kòkòrò náà fúnra rẹ̀, láàyè, ni wọ́n máa gún fún adìyẹ, ìyàwó mi fárí gá. Dókítà rọra ṣàlàyé. Irú bakitéríà tó lókìkí jù nínú àjẹsára yìí ni 9R, tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Williams Smith kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1956. Ara rẹ̀ ti pàdánù ṣúgà tó ń bò ó, kò lè pa adìyẹ tára rẹ̀ le, àmọ́ ara adìyẹ á tibẹ̀ mọ ọ̀tá.

Wàhálà wa ni yìnyín, torí tí ooru bá mú àjẹsára náà, ó kú nìyẹn. Kò síná, ọ̀nà jìn, fúláàsì sì ń jò. Ẹlòmíì tún ti po tẹtirasáíkílìn sómi adìyẹ rẹ̀, oògùn náà á pa àjẹsára ọ̀hún kó tó ṣiṣẹ́. Tí adìyẹ bá wá kú, àjẹ́ ni wọ́n máa ń dẹ́bi fún!

Nígbà tó yá, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Roy Curtiss ní Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ gé jíìnì méjì kúrò lára ẹ̀yà Salmonella mìíràn, wọ́n sì fi ṣe àjẹsára adìyẹ. Mo fara mọ́ ọn ju tàtijọ́ lọ, torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n yọ, kò sì rọrùn fún un láti gba agbára rẹ̀ padà. Àmọ́ òun náà ò fẹ́ ooru.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ lónìí, kẹ́ ẹ tó sanwó àjẹsára, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé inú fíríìjì wo ló sùn mọ́jú.