Kí Ni Ó Ń Lé Wọn?

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé ni. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí ọkàn ẹni tí ó bá jí ní òwúrọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ ní Àbújá, tí ó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sáré gba ẹsẹ̀ òkè kọjá, tí àwọn mìíràn wà lórí kẹ̀kẹ́ ológeere pẹ̀lú akoto lórí, tí òógùn sì bo gbogbo wọn. Ọlọ́pàá kò lé wọn. Ọjà kò fẹ́ tú mọ́ wọn lórí. Wọn kò ru ẹrù, wọn kò sì jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ wọ́n ń sáré. Àwọn kan nínú irú wọn kò tilẹ̀ fi eré wọn mọ sí àyíká ìlú. Orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń là já láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ó yẹ kí a béèrè: kí ni wọ́n ń lé, tàbí kí ni ó ń lé wọn?

Kì í ṣe pé ìrìn jíjìn ṣe àjèjì sí Yorùbá. Kí reluwé Èkó tó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ gbogbo ènìyàn. Alájàpá fi ẹsẹ̀ rìn, aláàárù fi ẹsẹ̀ rìn, ìránṣẹ́ ọba fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè ní òṣómàáló gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì tún padà rin ọ̀nà kan náà láti gba owó wọn. Ṣùgbọ́n ìrìn àwọn wọ̀nyí ní ìdí. Ẹni tí ó bá ń rìn tí kò ní ìdí, arìngbéregbère ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì í fi ọmọ wọn fún un. Nítorí náà, kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ni ó ń ya àgbàlagbà lẹ́nu nígbà tí ó bá rí àwọn asáré Àbújá. Àìsí ẹrù lórí wọn ni.

Ìtàn ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè là wá lóye díẹ̀. Hash House Harriers ni orúkọ rẹ̀. Ní òpin ọdún 1938 ni àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ kan dá a sílẹ̀ ní Kuala Lumpur, ní ilẹ̀ Màláyà tí ó wà lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. A. S. Gispert, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣirò owó, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ilé tí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n sọ ní orúkọ yẹ̀yẹ́ nítorí pé oúnjẹ ibẹ̀ kò dùn lẹ́nu wọn, orúkọ yẹ̀yẹ́ náà ni ẹgbẹ́ wá ń jẹ́. Gispert kò pẹ́ láyé tó láti rí i bí igi tí ó gbìn ti yọ ẹ̀ka. Ogun àgbáyé kejì pa á ní Singapore ní oṣù kejì ọdún 1942. Lẹ́yìn ogun, àwọn tí ó kù gbé ẹgbẹ́ náà dìde, ó sì tàn ká ayé. Ó dé Èkó, ó dé Àbújá. Ní ibòmíràn, kẹ̀kẹ́ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi rọ́pò ẹsẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe eré wọn nìyí. Ẹnì kan tàbí ẹni méjì yóò ṣáájú. Àwọn ni wọ́n ń pè ní ehoro. Wọn yóò máa da ìyẹ̀fun tàbí bébà wẹ́wẹ́ sí ojú ọ̀nà. Àwọn yòókù, tí wọ́n dúró fún ajá ọdẹ, yóò máa tọ ipasẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ehoro ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ó ń la ọ̀nà ẹ̀tàn tí kò já síbì kan. Ó ń fi àmì sí oríta, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èyí tí í ṣe ọ̀nà gidi. Ta ni yóò kọ́kọ́ kó sínú ẹ̀tàn? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù ni. Nígbà tí ó bá sì fi máa padà sí oríta, àgbàlagbà tí ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn ti dé, arábìnrin tí ara rẹ̀ wúwo ti dé, gbogbo wọn yóò sì tún jọ gbéra. Ẹ wo irú òfin bẹ́ẹ̀! Nínú ìdíje, ẹni tí ó yára ni ó ń gba ife-ẹ̀yẹ, a kò sì ń bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí ó kù. Nínú eré yìí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọ̀nà náà ní ọ̀nà tí alágbára kò fi ní lè fi aláìlágbára sílẹ̀. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn wọ̀nyí ti wá ọ̀nà àtikọ́wọ̀ọ́rìn.

Bí ìlú kan bá wà tí irú òfin bẹ́ẹ̀ wúlò fún, Àbújá ni. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà jẹ́ alága rẹ̀ ní 1975 ni ó dámọ̀ràn pé kí olú-ìlú kúrò ní Èkó lọ sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, kí ó má baà jẹ́ ti ẹ̀yà kan ju òmíràn lọ. Ìjọba Múrítàlá Mohammed fi òfin gbé e kalẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó lọ síbẹ̀ pátápátá. Àwọn Gbágyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n ti ń gbé orí ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin Gbágyi, tí kì í fi orí ru ẹrù bí kò ṣe èjìká, ti ń rin àárín àwọn òkè wọ̀nyẹn kí ẹnikẹ́ni tó la títì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ará Àbújá lónìí. Kò sí agboolé bàbá wọn níbẹ̀, kò sí ojúbọ ìdílé, kò sí àgbà tí yóò béèrè ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Oyè iṣẹ́ ìjọba ni a fi ń mọ ènìyàn. Nínú ẹgbẹ́ asáré, ìnagijẹ ni wọ́n ń pe ara wọn. Ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni kò lè pe orúkọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì yóò gbọ́ ìnagijẹ yẹ̀yẹ́ láti ẹnu ọ̀dọ́ tí ó ju ọmọ rẹ̀ lọ díẹ̀, yóò sì dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ohun tí agboolé ń ṣe fún ènìyàn nílé ni ẹgbẹ́ ń gbìyànjú àtiṣe fún un ní ìdálẹ̀.

Láti orí eré òpin ọ̀sẹ̀ ni àwọn kan ti ń bọ́ sí ìrìn ìfaradà, èyí tí ó ń la ilẹ̀ já. Nínú ìran Yorùbá, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú èyí ni Ọlábísí Àjàlá. Ní 1952 ni ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago lọ sí Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nǹkan bí máìlì 2,280 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Aṣọ ìbílẹ̀ ni ó wọ̀, ó sì ń bá àwọn ènìyàn ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé Áfíríkà kì í ṣe igbó tí wọ́n ń rò. Bí a bá pín ọ̀nà yẹn sí ọjọ́ 28, ó ju máìlì 80 lọ lójúmọ́. Olóyè Ebenezer Obey fi í kọrin, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹnì kan ṣe di orúkọ gbogbo arìnrìn-àjò lẹ́nu Yorùbá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ọ̀dọ́kùnrin kan fi ẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé Àbújá fún ọjọ́ 18 láti fi ìdùnnú hàn sí ìdìbò ọdún náà. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí kìlómítà 750. Ó já sí pé ó ń rin nǹkan bí kìlómítà 42 lójúmọ́, èyí tí í ṣe odindi eré máráthọ́ọ̀nù kan lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2023 dé ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2024, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Russ Cook, sáré láti ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà dé ìpẹ̀kun àríwá rẹ̀ ní Tùnísíà, ó ju kìlómítà 16,000 lọ láàárín ọjọ́ 352. Ó gba Nàìjíríà kọjá; níhìn-ín ni ẹ̀yìn ríro ti dá a gúnlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó tún gbéra.

Ara kò fi irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ṣúgà tí ara fi pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan kì í pẹ́ tán; lẹ́yìn náà, ọ̀rá ni ara yóò máa jó, èyí kì í sì í yára. Òógùn ń gbé iyọ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ń mu omi lásán láìfi iyọ̀ díẹ̀ sí i lè dá ara rẹ̀ ní àárẹ̀ tí ó ju òùngbẹ lọ. Ìléròrò wẹ́wẹ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀ lè dá alágbára dúró níbi tí òkè gíga kò ti dá a dúró. Ti ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ kò yàtọ̀: ọwọ́ rẹ̀ yóò kú, ìjókòó yóò di ẹ̀gún, ìṣó kékeré kan yóò sì jẹ́ kí ó rántí pé ẹni tí kò lè lẹ táyà kò ní kẹ̀kẹ́. Ibí yìí ni ìwúlò ẹgbẹ́ ti ń hàn. Ẹnì kan gbé omi, ẹnì kan gbé oògùn, ẹnì kan ń rìn lẹ́yìn láti wo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́. Ọ̀nà ni ó jìn, ẹrú ní baba. Gbogbo ẹni tí ó bá rin ọ̀nà jíjìn pọ̀ yóò mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ni ẹnì kejì òun.

Èrè mìíràn tún wà tí ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè gan-an. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó yóò lò nǹkan bí wákàtí kan kí ó tó dé Àbújá. Ìkùukùu ni ó rí. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn yóò gbọ́ bí ahọ́n ti ń yí padà. Bí ó bá dé Iléṣà, yóò gbọ́ tí wọ́n ń pe ilé ní ulé. Bí ó bá gba Àkúrẹ́ dé Ọ̀wọ̀, tí ó la ilẹ̀ Àkókó kọjá dé Kàbbà, yóò rí i pé èdè Yorùbá kò parí níbi tí àwòrán ilẹ̀ inú ìwé ti fi ààlà sí. Àwọn Òkun ń sọ ọ́, àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ sì ń sọ ọ́ dé ẹ̀bá Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Lẹ́yìn odò ni yóò tó máa gbọ́ èdè mìíràn ní kedere, títí àpáta Zuma yóò fi yọ sí i ní ọ̀kánkán. Ẹni tí ó bá ti rin ọ̀nà yìí kò ní gbà mọ́ pé ògiri ni ó wà láàárín ẹ̀yà kan àti èkejì. Díẹ̀díẹ̀ ni ènìyàn ń di ẹlòmíràn lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ohun dídùn nìkan bo òtítọ́. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá ti gba ẹ̀mí ènìyàn nínú ìjàǹbá ọkọ̀, àwọn ajínigbé sì ti sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìbẹ̀rù. Àwọn òbí ń bẹ̀ ọmọ wọn pé kí wọ́n má ṣe rìn ín lálẹ́, kódà nínú ọkọ̀. Òmíràn nínú àwọn arìnrìn-àjò sì wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀bùn olóṣèlú ni ó ń lé. Ta ni yóò wá bá òbí wí bí ó bá ní ìwà òmùgọ̀ ni kí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bá a wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn gbọ́dọ̀ rìn lójúmọmọ, kí ó rìn lẹ́gbẹ́, kí ó sì jẹ́ kí àwọn agbófinró mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òbí yìí gan-an ni ó fi bí nǹkan ti bàjẹ́ tó hàn. Òṣómàáló gbé aṣọ àti owó gba inú igbó, ó sì padà bọ̀ wálé. Bí ọmọ orílẹ̀-èdè kò bá lè fi ẹsẹ̀ rin láti ilé rẹ̀ dé olú-ìlú rẹ̀, tí a tìtorí rẹ̀ gbé sí àárín kí ó lè sún mọ́ ọn, ohun kan ti bọ́ lọ́wọ́ wa tí títì ọlọ́nà méjì kò lè dá padà.

Bóyá èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa. Àìsàn ìjókòó ń lé àwọn asáré Àbújá. Ìdánìkanwà ń lé wọn. Ìbẹ̀rù ẹnì kejì ń lé wọn. Ohun tí àwọn náà ń lé ni orílẹ̀-èdè tí ènìyàn lè rìn já láìfòyà, tí alágbára ti ń dúró ní oríta de aláìlágbára. Kì í ṣe gbogbo wa ni a lè rìn dé Àbújá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rìn dé abúlé kejì ní ọ̀sán gangan, tí ó ní kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá dúró de àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ó sì ní kí gbogbo wọn tẹ́tí sí bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń kí ara wọn, ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.