Ẹyẹ Òkun Kú ní Gámbíà, Ọ̀rọ̀ Kan Adìyẹ Rẹ́mọ

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í gbé ojú ọ̀run. Bí ebi bá ń pa á, ilẹ̀ ni ó ń bà sí, ilẹ̀ sì ni ara ti ń kan ara.

A kò ní òkun ní Rẹ́mọ. Láti Òde Rẹ́mọ tí mo ń gbé, ènìyàn ní láti kọjá Ṣágámù, kí ó tún dé Èkó, kí ó tó gbọ́ ariwo ìgbì. Ẹyẹ àlejò tí àwa mọ̀ jù ni lékeléke, tí ó máa ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ọmọdé ń na ọwọ́ sí pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò bàbá mi tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Gámbíà pè wá lórí fóònù ní ọdún 2023, tí ó ní ẹyẹ òkun ń kú ní etíkun Tanji, a kò kà á sí. Màmá mi nìkan ni ó béèrè pé, "Ọkọ mi, kí ni wọ́n ní ó ń pa wọ́n?" Adìyẹ ni màmá mi ń sìn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ náà ni wọ́n ń pè ní tern. Ara rẹ̀ funfun, àtàrí rẹ̀ dúdú, ìrù rẹ̀ là sí méjì bíi ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ẹja ni oúnjẹ rẹ̀. Irú rẹ̀ kan wà tí ó ń pamọ ní Yúróòpù. Bí òtútù bá ti ń sún mọ́, á gba etíkun Sẹ̀nẹ̀gàl, Gámbíà àti Gánà sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2022, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú èyí ni ó kú ní Nẹ́dálándì. Kí ó tó di ìgbà náà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, wọ́n ti rí òkú ẹyẹ 750 ní ọgbà ẹyẹ Djoudj ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Àwọn yẹn ni pelican, ẹyẹ ńlá funfun tí ó ní àpò lábẹ́ àgógó rẹ̀. Àrùn kan náà ni ó pa gbogbo wọn: ọ̀fìnkìn ẹyẹ, tí àwọn òyìnbó ń pè ní bird flu. Orúkọ kòkòrò rẹ̀ ni H5N1. Inú ikun àti ìgbẹ́ ẹyẹ tí ó ní in ni ó ń bá jáde, a sì máa wà nínú omi tí àwọn ẹyẹ mìíràn ń mu.

Kí a má tìtorí èyí bú ẹyẹ òkun. Lára ẹyẹ ọ̀sìn kan tí ó jọ pẹ́pẹ́yẹ, ní Guangdong ní ilẹ̀ Ṣáínà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú H5N1 yìí ní ọdún 1996. Láti inú ẹyẹ ọ̀sìn ni ó ti ran ẹyẹ ìgbẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2006, ó jẹyọ ní oko adìyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, Nàìjíríà sì di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó kéde rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, ìjọba kéde pé ó ti pa obìnrin kan ní Èkó. Ẹyẹ lè gbé e wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń kó adìyẹ lọ sí ọjà ń gbé e, kírétì ẹyin tí ń lọ láti oko dé oko ń gbé e, bàtà ẹni tí ó wọ ilé adìyẹ méjì lọ́jọ́ kan náà ń gbé e.

Ní Djoudj, wọ́n ka òkú ẹyẹ wọn, wọ́n ti ọgbà náà pa fún àlejò, wọ́n ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ibi tí mo ronú dé nìyí: ìta gbangba ni ẹyẹ òkun ń kú sí, ẹni tí ń kọjá lọ á rí i. Ilé adìyẹ ní tirẹ̀ ní ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè tì í.

Nínú ọyẹ́ ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Màmá mi ní adìyẹ àgírìkì 180. Mẹ́ta kú lọ́jọ́ kìíní, mọ́kànlá lọ́jọ́ kejì. Ọrùn àwọn tó kù ń lọ́, ìgbẹ́ wọn ń jáde ní àwọ̀ ewé. Gbogbo àdúgbò ní lúkúlúkú ni. Oògùn àjẹsára tí a rà tí a pò mọ́ omi wọn kò ṣiṣẹ́. Bóyá yìnyín ti yọ́ lára rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ọkùnrin kan tí ó ń ra adìyẹ fún àwọn tí ń dín in ní gáréèjì wá bá wa lálẹ́. Ó ní, "Ìyá Tọ́lá, ẹ jẹ́ kí n kó àwọn tó ṣì ń mí. Bí wọ́n bá ti dín in tán, ta ni yóò mọ̀?" Màmá mi ní, "Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́." Ó pe dókítà ẹran láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Dókítà ní kí a má jẹ́ kí ohunkóhun jáde nínú ọgbà wa títí èsì àyẹ̀wò yóò fi dé. A kò ta ẹyin, a kò ta ìgbẹ́ adìyẹ fún àwọn olóko. Bàbá mi gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn ilé, a sun àwọn òkú, a sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí èsì dé, lúkúlúkú ni lóòótọ́, kì í ṣe H5N1. Adìyẹ 53 ni ó ṣẹ́kù. Owó WAEC mi wà lára ẹyin àwọn tó kú. Màmá mi yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi dí i, ó ṣì ń san án di òní.

Nítorí náà, mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń dákẹ́. Ní ọdún 2006, ìjọba san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí wọ́n pa adìyẹ wọn nítorí H5N1. Tiwa kì í ṣe irú rẹ̀, a kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n kí àyẹ̀wò tó jáde, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ èwo ni èwo. Ẹni tí ó bá dúró kí ó tó pariwo ti pẹ́ jù. Bí ìjọba bá fẹ́ kí olówó kékeré tètè sọ òótọ́, kí ó má jẹ́ kí òótọ́ náà sọ ọ́ di tálákà.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bí adìyẹ bá ń kú léraléra nílé yín, ẹ má tà á, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má jù ú sínú odò. Ẹ pe dókítà ẹran. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé aládùúgbò yín pe tirẹ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sá fún ẹyin rẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn ti lọ. Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí wa ni.