Ìlẹ̀kẹ̀ Abẹ́ Ẹ̀wù

 

Ọmọ Ọbàtálá ni mí. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí mi sí, ọdún 16 rèé tí wọ́n ti gbé Òrìṣà ka orí mi. Inú ìwé àti fídíò ni mo ti kọ́ èdè Yorùbá fúnra mi, nítorí náà ẹ bá mi tún un ṣe níbi tó bá ti wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn. Ọ̀rọ̀ irọ́ kan tí mo pa ni.

Nígbà tí mo di ẹni ọdún 45, mo gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, mo bọ́ sójú ọ̀nà Appalachian Trail. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, inú igbó àti orí òkè ló gbà, láti Springer Mountain ní Georgia títí dé Katahdin ní Maine. Ó tó nǹkan bí máìlì 2,200, ó sì la ìpínlẹ̀ 14 kọjá. Àmì ọ̀nà náà ló fà mí: ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kun ara igi àti òkúta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní, ọ̀nà tó jẹ́ pé funfun ló ń tọ́ èèyàn, ọ̀nà Bàbá mi ni.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá da omi tútù sílẹ̀, màá júbà, màá bá orí mi sọ̀rọ̀. Kò ju ìyẹn lọ. N kò lè gbé oúnjẹ sí oríta fún Èṣù, nítorí béárì wà nínú igbó náà, béárì tó bá sì ti mọ adùn oúnjẹ èèyàn, wàhálà ni fún gbogbo ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Ohun tí o bá gbé wọ igbó, ìwọ náà ni wàá gbé e jáde. Àbúrò mi kan nínú ilé Òrìṣà ló ń bá mi bọ àwọn tèmi nílé lọ́rọọrún.

Lẹ́yìn ìbà, màá ká àgọ́, màá rìn máìlì 12 tàbí 15, màá sẹ́ omi odò kí n tó mu ún. Lálẹ́, màá so àpò oúnjẹ mọ́ ẹ̀ka igi lókè. Bí òjò bá ń rọ̀, a máa ń sùn sínú ahéré onígi tí kò ní ògiri níwájú, àwa mẹ́jọ tí a kò mọ ara wa rí, ẹnì kan ń hanrun, ẹnì kejì ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀.

Nílé, èmi ni wọ́n ń wá bá fún ìrànlọ́wọ́. Lójú ọ̀nà yìí, èmi ni mò ń gbà. Níbi tí ọ̀nà igbó bá ti pàdé títì, àwọn èèyàn a máa gbé èso, búrẹ́dì àti omi wá fún ẹnikẹ́ni tó ń kọjá, láìgba kọ́bọ̀. Trail magic ni wọ́n ń pè é. Ní Tennessee, ìyá kan na bíà sí mi. Mo ní ọtí jẹ́ èèwọ̀ fún mi. Kò bi mí ní ìdí. Ó ki ọwọ́ bọ inú yìnyín, ó mú ọsàn jáde.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Adúláwọ̀ ni mí, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí adúláwọ̀ mìíràn lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn. Láti Georgia ni mo ti fi sẹ́sẹ́ ẹfun mi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù.

Ní gúúsù Virginia, orúnkún mi wú. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo wọ́ ẹsẹ̀ dé etí títì, mo jókòó. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró. Bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní 70 ọdún ló ń wà á. Ó wo orúnkún mi, ó ní kí n wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó wọlé. Ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

Ilé rẹ̀ ló gbé mi lọ. Ó fún mi ní ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo, ó kó yìnyín lé orúnkún mi, ó ní kí n mú aṣọ mi wá kí òun bá mi fọ̀ ọ́. Bí mo ṣe ń bọ́ ẹ̀wù ni ìlẹ̀kẹ̀ yọ síta. Ó béèrè pé kí ni.

Mo ní, "Ọ̀ṣọ́ lásán ni, sà."

N kò sùn lóru náà. Irọ́ kò yẹ ọmọ Ọbàtálá. Mo jẹun yó tán, mo wá sẹ́ Bàbá tó ń tọ́ mi sọ́nà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní, "Sà, irọ́ ni mo pa fún yín lánàá. Àwòrò Òrìṣà ni mí. Ìlẹ̀kẹ̀ Òrìṣà mi ni."

Ó ń ro kọfí rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ta ló ń fi ọ̀ṣọ́ pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù?" Ó dìde lọ sídìí ààrò. "Ṣé Òrìṣà rẹ gbà kí o jẹ ẹyin?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò nílé rẹ̀. Kò gba owó. Nígbà tó gbé mi padà sí ibi tó ti rí mi gan-an, mo wúre fún un ní Yorùbá. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí fìlà títí mo fi parí. Mo wá fa ìlẹ̀kẹ̀ mi síta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

N kò dé Maine. Orúnkún náà dá mi dúró ní Pennsylvania. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdọọdún, mo máa ń wakọ̀ lọ sí oríta kan ní Maryland níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń jáde látinú igbó. Mo máa ń kó omi, ọsàn àti ẹyin sísè lọ. Oúnjẹ tí n kò lè gbé sí oríta nígbà yẹn, ẹnu àwọn èèyàn ló ń bọ́ sí báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìlẹ̀kẹ̀ pamọ́ níbi iṣẹ́ tàbí nínú ọkọ̀, n kò dá yín lẹ́bi. Ẹ̀rù ní ìdí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fún yín lóúnjẹ, tó sì bi yín tìfẹ́tìfẹ́ pé kí ni ẹ wọ̀ sọ́rùn, ẹ má ṣe bíi tèmi.

Kí Òrìṣà má jẹ́ kí a sẹ́ ẹni tó ń ṣe wá lóore. Àṣẹ.