Ìyàwó Mi Gbọ́ Òórùn, Èmi Kò Gbọ́

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín èmi àti iná lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ara mi ni mo sì ti fi ń kó igi rẹ̀ jọ tipẹ́. N kò ní fi ohunkóhun pamọ́.

Kòkó ni mo ń rà káàkiri àwọn abà tó yí Ìdànrè ká. Píkọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan ni mo fi ń kó o, ọkọ̀ ọdún 2001 tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà kó tó dé ọwọ́ mi. Nígbà tí ìjọba kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí lítà kan sì fò kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rù bà mí. Ibikíbi tí mo bá ti rí epo, mo ń rà á kún bámúbámú. Bí ọ̀pá epo bá ti dá dúró fúnra rẹ̀, n ó ní kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, n ó máa mi ọkọ̀ títí n ó fi rí epo lẹ́nu tánkì. Ọmọbìnrin kan tó ń ta epo bẹ̀ mí pé, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ó ti kún. Ẹ jẹ́ ká fi àyè díẹ̀ sílẹ̀.” Mo jágbe mọ́ ọn pé owó mi ni. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò níwájú mi títí dòní.

Nígbà tó yá, iná kékeré tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ kò fẹ́ jí mọ́ bí mo bá ti ra epo tán. N ó yí kọ́kọ́rọ́, yóò máa ké ṣáá. Bó bá sì sùn mọ́jú, á jí wẹ́rẹ́. Mo pààrọ̀ pọ́ọ̀gì, mo ra pọ́ǹpù epo, owó kòkó wọlé sí i. Ẹnì kan ní tánkì ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Mo yọ ìdérí rẹ̀, mo fi àkísà dí i.

Ibi tó dùn mí jù láti jẹ́wọ́ nìyí. Èmi àti àbúrò mi ń fa ọ̀rọ̀ oko kòkó bàbá wa lọ́wọ́. Mo pinnu lọ́kàn pé òun ló ń dí mi lọ́nà. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí, n kò sì jẹ́ kíkí rẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ń tan iná sí mi lójú, mo fi téèpù bò ó, mo wá ń wá ọ̀tá nínú àdúrà. Alaalẹ́ ni ìyàwó mi ń sọ pé, “Bàbá wọn, òórùn epo ni aṣọ yín ń run.” Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ti abà bọ̀, àpò kòkó mẹ́jọ wà lẹ́yìn. Ẹni tó mọ Ìdànrè mọ bí àwọn àpáta wa ṣe ń gbóná tí òòrùn bá lù wọ́n. Mo dúró ní Àládé láti ra bọ̀ọ̀lì. Àkísà ẹnu tánkì ti rin gbindin, epo ń kán létí rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló sì jìnnà sí iná èédú obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ni ọmọkùnrin ríwáyà kan pariwo láti òdìkejì títì. Ó sáré dé, ó gbé omi tí obìnrin náà fi ń fọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó dà á sórí iná. Èéfín bò wá. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́.

Ta ló fi ọmọ yẹn síbẹ̀, bí kì í bá ṣe Olúwa?

Ó ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ sítíárìn. Kóòdù P0441 àti P0455 jáde. Ó ní èkejì ń sọ pé afẹ́fẹ́ epo ń jò gidi: àkísà mi nìyẹn. Ó ní ooru máa ń sọ epo inú tánkì di afẹ́fẹ́, inú agolo kan tó kún fún èédú ni afẹ́fẹ́ náà ń dúró sí, kí ẹ́ńjìnnì tó fà á jó. Fáàfù kan ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ó yọ fáàfù náà, ó nù ún, ó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. “Bàbá, kò sí iná lára ẹ̀ báyìí, ó yẹ kó tì pa.” Atẹ́gùn náà gba òdìkejì jáde fúú. Ó gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi: hóró èédú mẹ́rin, wọn kò tó hóró ìrẹsì. Nígbà tó tú agolo náà tó sì dorí rẹ̀ kodò, ojúlówó epo ló ń ṣàn jáde.

“Bàbá, ṣé ẹ máa ń ra epo dé ẹnu?”

N kò lè dáhùn. Epo tí mo ń fi ipá rọ ló ṣàn sínú agolo, ó ba èédú jẹ́, hóró rẹ̀ há fáàfù lẹ́nu. Bí mo bá ti ra epo, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á rọ́ lu ẹ́ńjìnnì, kò ní lè mí. A pààrọ̀ fáàfù, agolo àti ìdérí. Mo bó téèpù kúrò, iná ti kú.

Alẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sílé àbúrò mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀,” ló wí, bí ẹni pé n kò ṣe nǹkan kan. Èmi ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó gbá mi mú kí àyà mi tó kan ilẹ̀.

Mo padà sí ilé epo yẹn, ọmọbìnrin náà ti lọ. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé mo ti ń fi àyè sílẹ̀.