Ìpalẹ̀mọ́ Àjò Bàbá Táyọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe náà ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í dúró wo inú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí ìyá mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, kò sí ẹni tí ó jẹ́ pa á lójú àwọn àgbà, nítorí pé bàbá tí ó bí ìyá mi re àjò, wọn kò sì relé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ, bí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí ó lè la orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ti ọkọ̀ tí n kò sọ ti bàbá àgbà yìí, ọ̀rọ̀ mi yóò dà bí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀.

Ní ọdún 1963 ni wọ́n lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Gánà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣe nígbà náà. Ọmọ ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Táyọ̀. Ìyá mi sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn, tí wọn kò tíì mọ ojú bàbá yàtọ̀ sí ojú àlejò. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ẹlòmíràn di ẹrù wọn wálé. Bàbá tiwa kò wálé. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n wọ Côte d'Ivoire, wọ́n di àgbẹ̀ kòkó ní ìgbèríko kan lẹ́bàá Soubré. Wọ́n fẹ́ aya níbẹ̀, wọ́n bímọ, wọ́n sì kú ní 1988. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ó dé Ìkẹ́rẹ́ láti ọwọ́ wọn.

Ní ọdún tí ó kọjá ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀hún wá wa rí, tí ó sì pe Bàbá Táyọ̀ lórí fóònù. Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Èmi tí mo ń kọ́ èdè Faransé pẹ̀lú Yorùbá ní yunifásítì ni wọ́n ké sí kí n wá ṣe ògbufọ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Táyọ̀ ti ní àwọn yóò lọ rí ibojì bàbá àwọn, ọkọ̀ àwọn ni àwọn yóò sì gbé lọ. Ọkọ̀ náà, Toyota Land Cruiser ògbólógbòó tí ń lo dísù ni, èyí tí wọ́n fi ń kó kòkó láti oko wọn tí ó wà láàrin Ìsẹ̀ àti Èmùré. Ìyá mi fárígá.

"Bùọ̀dá mi, ẹ ń lọ sí àádọ́rin ọdún. Ṣé kò sí bàálù ni?"

"Bàálù yóò já mi sí Abidjan. Abidjan sí oko ńkọ́? Ojú ọ̀nà ni bàbá wa gbà lọ, àbúrò mi. Ojú ọ̀nà ni n ó gbà."

"Ojú ọ̀nà náà ni kò jẹ́ kí wọ́n padà."

Ìyá mi dìde, wọ́n bọ́ síta. Fún oṣù méjì gbáko, wọn kò bá ẹ̀gbọ́n wọn sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́.

Àwa ọ̀dọ́ inú ilé kò rí ìdí tí ariwo fi pọ̀. A ní ṣebí Newton Jibunoh wa Volkswagen ìjàpá láti London gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Èkó ní 1966, òun nìkan ṣoṣo. Ṣebí ọmọbìnrin wa Pelumi Nubi gbéra ní London ní oṣù kìíní ọdún 2024, tí ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin pẹ̀lú Peugeot 107, ọkọ̀ tí kò ju àkùkọ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Kí wá ni ti Èkó sí Abidjan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan lọ, tí ọ̀dà sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀? Bàbá Táyọ̀ gbọ́ wa tán. Wọ́n ní, "Ọmọbìnrin náà kò ha ní jàǹbá ní Côte d'Ivoire yẹn gan-an, tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́? Ẹni tí ẹ rí tí ó dé, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ṣe kí ó tó gbéra." A dákẹ́.

Táyà ni wọ́n kọ́kọ́ mú. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé táyà ní ọjọ́ ìbí. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Oníṣòwò kan ti ta mẹ́rin fún wa pé tuntun ni. Wọ́n ń dán bí bàtà ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá nu erùpẹ̀ ara ọ̀kan, 1412 ni a rí. Rọ́bà a máa gbẹ bó ti wù kí a má lò ó tó; bí ó bá gbóná lórí eré, a bó kúrò lára bí èèpo igi. A dá wọn padà. Ìkejì ni pé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ní táyà tí ó dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ga, tí èkejì kúrú, àwọn jíà inú yóò máa bá ara wọn jà títí wọn yóò fi run ara wọn.

Lẹ́yìn èyí ni a gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà oko, nítòsí igbó ọba Ìsẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀ gidi. Bàbá Táyọ̀ kò fẹ́ kí ilẹ̀ àjòjì jẹ́ ibi tí àwọn yóò ti kọ́kọ́ mọ àìsàn ọkọ̀ àwọn. Ní ẹrẹ̀ kan báyìí, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Wọ́n ní kí n sọ afẹ́fẹ́ inú táyà kalẹ̀ láti 35 sí 20. Táyà tẹ́ sílẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀, ó gba ilẹ̀ mú, a sì jáde. Kí a tó wọ ọ̀dà, a tún fi páńpù ọwọ́ fẹ́ ẹ padà, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré a máa gbóná lórí ọ̀dà, a sì bẹ́. Ọwọ́ mi ró fún ọjọ́ méjì.

Odò ni ó fi ọgbọ́n tí ó dùn mọ́ mi jù hàn mí. A la ọ̀kan nínú àwọn odò tí ń ṣàn sí Ògbèsè kọjá, omi náà kan àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí a délé, Bàbá tú nọ́ọ̀tì àpótí irin tí ó wà láàrin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọ́ìlì tí ó jáde sì funfun bí ògì. Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Àpótí náà a máa gbóná bí ọkọ̀ bá rìn. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a fẹ̀, a sì gba ihò kékeré kan jáde. Bí ó bá já sínú omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ náà a súnkì, ihò náà a sì fa omi sínú, bí ẹni tí ó mí nínú odò. Iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀: a dá ọ́ìlì tuntun sí i, a so rọ́bà gígùn mọ́ ihò náà, a sì fà á gòkè títí ó fi dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ọkọ̀ yóò bá wọ odò, kí imú rẹ̀ wà lókè.

Iṣẹ́ tèmi ni ìwé àti ọ̀rọ̀. Ẹnubodè mẹ́rin ni ó wà lọ́nà: Sèmè, Hillacondji, Aflao àti Elubo. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè wọn ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìsí físà, ó sì gba ọkọ̀ ara ẹni láàyè bákan náà, bí ìwé ìwakọ̀, ìwé ọkọ̀, ìwé adójútòfò àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ bá pé. Ti adójútòfò ni káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní Kútọ̀nú ní 1982. Mo to gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Mo sì ṣe ìwé kékeré kan fún Bàbá: pneu ni táyà, frein ni búréèkì, courroie ni fáńbẹ́ẹ̀tì. Mo kọ orúkọ tiwa náà sí i, nítorí pé orúkọ wa ń yí padà bí a ti ń rìn: Nago ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Benin, Alata ni ní Gánà, Anango sì ni ní Côte d'Ivoire. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é kò lè dáhùn.

Bí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni mo ń rántí ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ọgọ̀gà láàrin 1910 sí 1914. Lára rẹ̀ ni òyìnbó aláṣẹ kan wà tí ó ń bọ̀ wá kí ọba. Kò fẹsẹ̀ rìn, orí àga ìgbérù ni ó jókòó sí, àwọn ọmọ ènìyàn sì ń rù ú. Ìpalẹ̀mọ́ tirẹ̀ kò ju èjìká ẹlòmíràn lọ. Ilẹ̀kùn náà pàápàá re àjò: wọ́n gbé e lọ sí ìfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀ fún Ọgọ̀gà, inú British Museum ni ó sì wà títí di òní. Ọ̀nà tí ó jáde ní ìlú wa pọ̀. Èyí tí a là fún ìpadàbọ̀ ni kò tó nǹkan.

Ó wá ku ẹrù. Lórí òṣùwọ̀n kòkó ni Bàbá Táyọ̀ ti wọn gbogbo rẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan. Ogún lítà dísù, nǹkan bí kílò mẹ́tàdínlógún. Jákì, sípánà, táyà àfipamọ́ méjì, oúnjẹ, ẹ̀bùn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 412. Wọ́n ní kí ó di 280, kí ohun tí ó wúwo wà nísàlẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ohunkóhun tí ó wúwo má ṣe gun òrùlé, nítorí ọkọ̀ tí orí rẹ̀ wúwo kò ní pẹ́ dojú dé. A ń yọ ẹrù, a ń ṣe àríyànjiyàn. Wọ́n dá àpò iyán gbígbẹ mi padà.

Ibẹ̀ ni ìyá mi bá wa. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè wọ́n. Agolo kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e. Wọ́n gbé e lé orí òṣùwọ̀n fúnra wọn. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kò mira.

"Kò wúwo, Bùọ̀dá mi," ni wọ́n wí. "Òfìfo ni. Erùpẹ̀ orí ibojì ni kí ẹ bù sínú rẹ̀ wá fún mi."

Bàbá Táyọ̀ kò dáhùn. Wọ́n mú agolo náà, wọ́n sì tò ó sínú àpò ìwé, láàrin káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ àti ìwé ọkọ̀, níbi tí ọwọ́ kò ti ní ṣèèṣì fọwọ́ kàn án.

Oṣù kìíní, nígbà tí òjò bá ti dá, ni a ó gbéra, Bàbá Táyọ̀ ní ẹsẹ̀ ìdarí, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá mi ti ń bèèrè lójoojúmọ́ bóyá a ti yẹ afẹ́fẹ́ inú táyà wò.