Tọ́ọ̀ṣì Tí A Dè Mọ́ Ẹnu Ìbọn

Ẹ fojú inú wo agboolé kan ní Kúdẹtì, ní nǹkan bí aago méjì òru. Iná ìjọba ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, ajá sì ń gbó lápá odò. Baálé ilé gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó nawọ́ mú ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, èyí tí ó ti fi rọ́bà inú táyà de tọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó tan iná. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló dúró níbẹ̀, tí ó ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ tòun ti búùtà lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n kí baálé tó mọ ẹni tí í ṣe, ẹnu ìbọn ti dojú kọ àyà rẹ̀.

Àléébù irú iná bẹ́ẹ̀ gan-an nìyẹn: ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ fi í wò, àfi kí ó kọ́kọ́ na ìbọn sí i. Nínú fíìmù, ó máa ń dára lójú. Nínú agboolé tí ogún ènìyàn ń sùn sí, ọ̀ràn mìíràn ni.

Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa ti yanjú èyí tipẹ́. Iwájú orí ni wọ́n ń de àtùpà kábáàdì mọ́. Omi a máa kán sórí kábáàdì, irú èyí tí àwọn jórinjórin ń lò, afẹ́fẹ́ tí ó bá ti ibẹ̀ jáde a sì máa jó níwájú àwo tí ń dán. Ibi tí ojú ọdẹ bá yí sí ni ìmọ́lẹ̀ ń lọ, ìbọn sì wà ní èjìká. Ojú ẹtu a máa tàn padà bí ẹyin iná. Ojú ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdẹ a rí àyè wòye kí ó tó pinnu. Lónìí, iná orí oníbátìrì ti gba ipò kábáàdì, ọgbọ́n ibẹ̀ kò sì yí padà.

Ohun tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀ ní agboolé yẹn ti ṣẹlẹ̀ rí ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2013, ní Pretoria, Oscar Pistorius, eléré ìje tí gbogbo ayé mọ̀, yin ìbọn lẹ́ẹ̀mẹrin gba ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Ó ní olè ni òun rò pé ó wà níbẹ̀. Reeva Steenkamp, olólùfẹ́ rẹ̀, ni ìbọn pa. Ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ìpànìyàn. Kò sí tọ́ọ̀ṣì tí í la ilẹ̀kùn kọjá. Ohùn ẹnu nìkan ni í kọjá.

Ti ṣakabùlà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, èéfín ẹ̀tù a bo iwájú, ìmọ́lẹ̀ a sì kọlu èéfín náà, a padà sójú ẹni tí ó yìn ín. Bí ìbọn ṣe ń ta padà tún lè já bátìrì tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú kúrò láyè rẹ̀. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 sì béèrè ìwé àṣẹ, ṣakabùlà pàápàá kò yọ sílẹ̀. Iná tí a dè mọ́ ọn kì í ṣe ìwé àṣẹ.

Kí baálé yìí tú rọ́bà náà. Kí ó de iná mọ́ orí, tàbí kí ó mú un dání lọ́tọ̀, kí ó má sì ra èyí tí ó mọ́ jù, nítorí ògiri funfun a máa dá a padà sójú onítọ̀hún. Kí ó pè kí ó tó ṣílẹ̀kùn: “Ta nìyẹn?” Ìyàwó ilé yóò dáhùn pé, “Èmi ni, Bàbá.” Bí owó bá sì ṣẹ́kù, kí ó gbé iná sólà kékeré kan kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.